Òṣùká

Lẹ́yìn ojú irin Láfẹ́nwá ni kíláàsì wa wà,
níbi tí lẹ́búlẹ́bú pákó ti ń gba ojú fèrèsé wọlé,
tó ń bà lé ìwé wa bí èlùbọ́.
Tíṣà Ṣólàrú kọ gbólóhùn kan sí pátákó:
Bàbá fún mi owó.
A bú sẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Ẹ máa rín in. Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́."

Bàbá fún mi owó.
Bí ẹni gbé ìkòkò lérí láìsí òṣùká.
"Tiwa," Tíṣà ní, "bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ru ẹrù méjì,
a máa ń fi nǹkan tẹ́ ìkejì.
'Ní' ni òṣùká wa.
Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sá pamọ́ sínú 'l':
fún mi lówó, bi mí léèrè, jà mí lólè.
Ẹ ò ní rí i. Ó wà níbẹ̀."

Bánjókò dìde, ẹni tí ìjókòó kì í bá lára mu:
"Ṣé gbogbo tiwọn ló ń ru méjì?"
"Rárá o. Gíìfù gbà, sẹ́ńdì gbà.
Ẹsipilénì kọ̀. Àlàyé nìkan ló ń gbé,
ó ní kí ẹni tí à ń ṣàlàyé fún fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn."
"Kí ló dé?"
Tíṣà nu ẹfun ọwọ́ ẹ̀ sára ṣòkòtò.
"Èmi náà bi àwọn tó kọ́ mi. Wọ́n ní bó ṣe rí nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì ló kọ ti méèkì:
Bàbá méèkì mi àga.
Bàbá méèkì mi káfíńtà.
Ìlà kan náà, ààyè kan náà.
Nínú ti àkọ́kọ́, èmi ọ̀tọ̀, àga ọ̀tọ̀.
Nínú ìkejì, èmi àti káfíńtà ti di ẹnì kan.
Yorùbá á là wọ́n níjà:
ṣe àga fún mi; sọ mí di káfíńtà.

Mi ò lè gbójú sókè.
Bàbá tèmi, Ṣódíyà káfíńtà ẹ̀gbẹ́ afárá,
ti ṣe àga fún mi nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́fà,
pákó tó ṣẹ́ kù lára pósí ẹnì kan ní Ìtokò.
Sátidé dé Sátidé, ó ń fún mi ní ayùn.
Mo ní obìnrin ni mí. Ó ní ayùn ò mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ṣàlàyé fún un.
Ó fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìfági, eruku fò.
"Gẹ̀ẹ́sì yín ò mọ ìyàtọ̀ àga sí èèyàn?"
"Ó mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹni tó ń gbọ́ ló gbọ́dọ̀ dá a mọ̀."
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.
"Èwo ni mo wá ṣe, nínú méjèèjì?"

Èmi ni mò ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ní Ìjẹjà.
Àga náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ẹfun ló ń jókòó lé e.
Bí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì bá yẹ̀, a kì í ránṣẹ́ síta.

Nígbà tí Bàbá lọ, ọwọ́ mi ni mo fi kan pósí.
Mo jókòó láti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun:
mo méèkì bàbá wa pósí.
Mo wò ó. Ẹ̀rù bà mí.
Kò sí nǹkan kan láàárín òun àti pákó.
Ẹni tó bá sáré kà á lè rò pé mo sọ ọ́ di igi.

Mo pa á rẹ́.
Mo kọ ọ́ lédè tó fi ń pè mí:
mo ṣe pósí fún Bàbá.
Mo rọra tẹ́ "fún" sílẹ̀,
mo sì gbé orí ẹ̀ lé e.